Ẹni tó fi mítà yẹ kọ̀ǹpútà mi wò kó tó dárúkọ àrùn rẹ̀

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo fi ń to gbogbo rẹ̀, tókunbọ̀ tí mo ti ń lò láti ọdún 2019. Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, mo tẹ súìṣì rẹ̀, kò dáhùn. Iná kò tàn lójú rẹ̀, fáànù kò yí, kò tilẹ̀ dún bíńtín. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan, olójú ewé 48, wà nínú rẹ̀. Tọ́sìdeè ni àìsùn wọn, Fúráìdeè ni ìsìnkú.

Mo ronú padà sí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n mú iná dé, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó funfun báláú, kó tó wálẹ̀. 230 fóòtì (ìwọ̀n agbára iná) ló yẹ kó máa wọlé fún wa ní Nàìjíríà, èyí tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mi ò kà á sí torí mo ti pa kọ̀ǹpútà. Àmọ́ mi ò pa sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri, wáyà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra mi. Mo ki ṣájà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ó ń ṣiṣẹ́. Mo yọ wáyà iná mọ́nítọ̀, torí ẹnu kan náà ni òun àti ti CPU, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ní, mo kì í bọ ẹ̀yìn CPU, òtúbáńtẹ́ ló já sí. Mo yọ gbogbo wáyà, mo tẹ súìṣì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, mo dá wáyà padà. Pàbó.

Oníṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ pè kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó tẹ súìṣì lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní, “Mọ́mì, bọ́ọ̀dù ti jó. ₦65,000.” Bọ́ọ̀dù ni pátákó ńlá inú CPU tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Kò ṣí àpótí náà rárá. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ó ní òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an, ó sì ń bàjẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ká ní owó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, màá ti san án, a óò ti gbé bọ́ọ̀dù tuntun sínú ẹ̀, kò sì ní tàn síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹni tó ń bá wa gé ìwé ló júwe ọ̀gá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fún mi. Ọjọ́ kejì, mo gbé CPU lé itan nínú dáńfó, ó di Ìkẹjà, ó di Computer Village. Tí wọ́n bá ti rí ẹrù lọ́wọ́ yín níbẹ̀, wọn á bò yín: “Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ tún ṣe?” Ẹ má dúró. Àjà kejì ilé kan tí kò jìnnà sí òpópónà Ọ̀tìgbà ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Kò ní pátákó orúkọ, tábìlì rẹ̀ kò sì ju èyí tí wọ́n fi ń lọ aṣọ lọ.

Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ gbọ́ kó tó kú? Ṣé ó bú? Ṣé ó rùn?” Mo sọ ọ̀rọ̀ gílóòbù fún un. Ó gbé imú sún mọ́ ẹ̀yìn àpótí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú síkúrúdíráífà. Ó fi ìka hàn mí ibì kan lára bọ́ọ̀dù tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ó ní iná kékeré kan yẹ kó máa tàn níbẹ̀ tí wáyà bá ti wà lógiri, kódà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ súìṣì. Kò tàn.

Ó mú mítà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná. Ó fi ẹnu dúdú kan wáyà dúdú, ó fi ẹnu pupa kan wáyà elésè àlùkò tó ti inú power pack, àpótí irin tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, jáde. Nọ́ńbà tó jáde ni 1.9. Ó ní 5 fóòtì ló yẹ kó wà lórí wáyà yẹn tọ̀sán-tòru, òun ni bọ́ọ̀dù fi ń mọ̀ pé ẹnìkan tẹ súìṣì. “Bí èyí ò bá sí, Mọ́mì, ilẹ̀kùn ilé tí ò séèyàn nínú rẹ̀ lẹ̀ ń kàn.”

Kò dúró síbẹ̀. Ó yọ ẹnu wáyà ńlá power pack, tó ní ihò 24, kúrò lára bọ́ọ̀dù, ó na píìnì ìwé kan, ó fi so ojú wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú. Ó ní iṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù máa ń ṣe nìyẹn téèyàn bá tẹ súìṣì, pé tí ara power pack bá le, fáànù inú rẹ̀ á yí. Fáànù kò yí. Ohun kan kàn ń dún nínú rẹ̀, tíkì, tíkì. Ó wá gbé power pack tirẹ̀ tó fi ń dán ẹrù wò, ó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù mi. Iná bí hóró ìrẹsì yẹn tàn. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti jó!

Ó tẹ súìṣì, fáànù yí, àmọ́ mọ́nítọ̀ ṣì dúdú. Àyà mi já. Ó pa á, ó yọ RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ó fi írésà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò nu etí rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, ó kì í padà títí tó fi dún kọ́ọ́ lápá méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dún “pí” lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì là. Kọ̀ǹpútà ní January 1, 2012 la wà. Ọ̀gá fi mítà wo bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lára bọ́ọ̀dù, CR2032, tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ọjọ́, tó yẹ kó jẹ́ 3 fóòtì. 2.3 ló kù. Ó pààrọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣí power pack àtijọ́ náà wò, ó gbà á lọ́wọ́ mi kíá. Ó ní iná máa ń pẹ́ nínú kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà, pé ó lè gbá èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i nígbà tó yá. Kapásítọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀, tó yẹ kí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ti wú sókè bí ìdodo ọmọ ìkókó, ọ̀kan sì ti ṣomi aláwọ̀ ilẹ̀.

Power pack méjì ló ní kí n mú ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, wọ́n kọ 500W (wáàtì, ìwọ̀n iná tó lè pèsè) sí i lára. Èkejì jẹ́ tókunbọ̀ tí wọ́n kọ 300W sí. Ó ní kí n gbé méjèèjì. Tuntun yẹn fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti fá tán, tókunbọ̀ wúwo. Tókunbọ̀ ni mo mú, torí ó hàn pé ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ. Kó tó kì í bọ iná, ó fi orí síkúrúdíráífà ti súìṣì pupa kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ láti 115 sí 230. Amẹ́ríkà ló ti wá, iná tiwọn kéré sí tiwa níbẹ̀. Ká ní ó gbàgbé ni, á bú mọ́ wa lójú.

₦3,000 ni ó gbà fún yíyẹ̀ ẹ́ wò, ₦16,000 fún power pack, ₦500 fún bátìrì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦19,500.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ó ní agogo 2 la máa ṣetán, ó kù díẹ̀ kó lu 6 kí n tó kúrò. Kò sí àga, orí àpótí ni mo jókòó sí. Ó dìgbà tí mo béèrè kó tó kọ rísíìtì. Oṣù kan péré ló fi dúró fún power pack, èyí kéré lójú mi. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un, àkókò ló jẹ́ kó pàdánù ọ̀kan.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo da gbogbo iṣẹ́ mi kọ sórí háàdì díìsìkì mìíràn, kí n tó tilẹ̀ jẹun. Ìwé ìyá àgbà jáde ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ tán nígbà tí wọ́n wá kó o. Oṣù méjì ti kọjá, kọ̀ǹpútà ń tàn. Mo ti ra sitébíláísà, mo sì ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì lógiri tí mo bá ń lọ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè jáde. Tó bá ti di ọ̀sán, èrò á ti kún dé orí àtẹ̀gùn. Ẹ mú wáyà iná tiyín dání, torí yóò kọ́kọ́ yẹ òun náà wò, kí ẹ sì béèrè rísíìtì kẹ́ ẹ tó sanwó.