Tàtàṣé, Ata Gíríìnì, Sweet Banana tàbí F1? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbin Ata Tí Kì í Ta sí Ọgbà Ilé

Ẹni tó bá fẹ́ gbin ata tí kì í ta sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó lè bá oríṣi márùn-ún pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn: tàtàṣé tí gbogbo wa mọ̀, California Wonder àti Yolo Wonder, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ata gíríìnì ńlá tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, Sweet Banana, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pupa rúsúrúsú (yẹ́lò), àti irúgbìn F1, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi òbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi nínú àpò kékeré. Àwòrán tó wà lára àpò kọ̀ọ̀kan ló wu ojú. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìṣe wọn nígbà tí ooru bá mú, pàápàá ooru òru, n ó sì gba ẹni tó ń rà nímọ̀ràn pé kí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ro ti adùn tàbí ti àwọ̀.

Ata tí kì í ta fẹ́ ọ̀sán tí ooru rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí 30°C àti òru tó ń tutù dé ìwọ̀n 20°C tàbí kí ó dín díẹ̀. Bí ooru ọ̀sán bá ju 32°C lọ, tàbí tí ti òru kò bá wálẹ̀ kọjá 24°C, òdòdó ata olómi ńlá, ìyẹn ata gíríìnì ńlá bíi California Wonder àti Yolo Wonder, a máa rẹ̀ dànù kí ó tó so. Igi náà yóò dúró ní tútù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ yóò pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ata kan ṣoṣo ká lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ata gíríìnì fi ń ṣe dáadáa lórí òkè Jos, níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù, tó sì máa ń já onílé kulẹ̀ ní Èkó nínú oṣù Kẹta, nígbà tí òru pàápàá ń mú ni làágùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé oúnjẹ ni ata náà ń fẹ́, wọn á tún da ajílẹ̀ òyìnbó sí i, ewé á sì tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nínú àwọn márààrún, California Wonder ni ooru ń dà láàmú jù. Ata àtijọ́ ni, ó ti wà lọ́jà láti ọdún 1928 ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ sì ti tàn débi pé àwọn kan ń kọ ọ́ sára àpò irúgbìn ata gíríìnì èyíkéyìí. Bí ó bá rí ibi tó bá a lára mu, ó máa ń so ata onígun mẹ́rin tí ara rẹ̀ nípọn, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, lẹ́yìn bí ọjọ́ 75 tí ẹ bá ti ṣí i kúrò nínú abọ́ lọ sórí ebè. Yolo Wonder jáde láti ara California Wonder yìí, orúkọ àgbègbè Yolo ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ẹni tó bá gbé èso méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Orí igi ni ìyàtọ̀ wà. Ewé Yolo Wonder ki jù, ó sì máa ń ṣíji bo èso, tí oòrùn kò fi ní tètè jó ẹ̀gbẹ́ ata di funfun, kí ibẹ̀ sì rọ̀ kí ó bàjẹ́. Ó tún ń dènà àrùn fáírọ́ọ̀sì tábà, èyí tí ọwọ́ ẹni tó ń mu sìgá lè gbé dé ara ewé ata. Kò dènà gbogbo fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ ṣì ní láti máa yẹ abẹ́ ewé wò fún àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé mu, nítorí àwọn náà ń gbé oríṣi fáírọ́ọ̀sì mìíràn kiri. Síbẹ̀, bí iye owó méjèèjì bá dọ́gba, èmi kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni lágbègbè wa yóò fi fi Yolo Wonder sílẹ̀ mú California Wonder.

Tàtàṣé àti Sweet Banana fara da ooru ju àwọn méjì yìí lọ, nítorí pé ata tí èso rẹ̀ kò tóbi púpọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó, kì í tètè rẹ òdòdó dànù bí ata olómi ńlá. Kò túmọ̀ sí pé ooru kì í ṣe wọ́n rárá. Oríṣi yòówù kí ẹ rà, àkókò tí ẹ gbìn ín ṣe pàtàkì: bí ẹ bá fọ́n irúgbìn sínú abọ́ ní ìparí oṣù Kẹjọ, tí ẹ sì ṣí i lọ sórí ebè lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òdòdó rẹ̀ yóò bọ́ sí ìgbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ sì ń bọ̀ wá mú kí òru tutù. Òjò tí kò dá kì í jẹ́ kí èso ata ní àlàáfíà, nítorí àrùn tó ń dá àpá dúdú rìbìtì sí i lára, tó sì ń mú un jẹrà lórí igi. Iṣẹ́ tó wà nínú gbígbìn rẹ̀ sí ìgbà ọyẹ́ ni omi, torí ẹ óò máa bomi rin ín fúnra yín.

Ní ti ilé ìdáná, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín jẹ. Ata gíríìnì kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ata tí kò tíì pọ́n ni. Bí ẹ bá fi Yolo Wonder sílẹ̀ lórí igi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sí i, yóò pọ́n, yóò sì dùn ju bó ṣe wà nígbà tó tutù lọ, ṣùgbọ́n igi tó bá ń pọ́n èso lọ́wọ́ kì í sáré so òmíràn. Ẹni tó fẹ́ ata tútù fún ìrẹsì díndín, sálàdì tàbí ọbẹ̀ ayámáṣe yóò jèrè Yolo Wonder, nítorí pé bó ṣe ń ká a ní tútù ni igi á máa so. Ẹni tó jẹ́ pé ọbẹ̀ ata àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ló ń jẹ ata nílé rẹ̀ kò ní gbádùn rẹ̀ bákan náà: omi pọ̀ nínú ata olómi ńlá, ẹ óò sì jókòó ti iná pẹ́ kí omi náà tó gbẹ. Tàtàṣé ló ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀ pupa tó jinlẹ̀ àti ara tó ki. Díẹ̀ nínú wọn a máa ta lẹ́nu fẹ́ẹ́rẹ́, torí pé irúgbìn tí a ń rà lọ́jà kì í sábà jẹ́ ojúlówó ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ẹni tí ọmọdé wà nílé rẹ̀ kí ó fi èyí sọ́kàn.

Sweet Banana ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò ní ilẹ̀, tó jẹ́ pé garawa àti àpò ìrẹsì ló fẹ́ fi gbin ata sí ìta ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi rẹ̀ kì í ga jù, ó máa ń tètè so, èso rẹ̀ a sì pọ̀. Ẹ lè ká a nígbà tó ṣì wà ní pupa rúsúrúsú fún sálàdì tàbí ẹyin díndín, tàbí kí ẹ dúró dè é títí yóò fi di pupa. Ẹ ṣọ́ra níbi rírà rẹ̀, nítorí ata kan wà tó ń jẹ́ Hungarian Hot Wax, tí àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀ jọ ti Sweet Banana débi pé ojú kò lè yà wọ́n, ṣùgbọ́n tó ń ta gan-an. Bí orúkọ «Sweet» kò bá hàn gbangba lára àpò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ata olómi ńlá nínú garawa tún ní ìyọnu kan tí tàtàṣé àti Sweet Banana kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Bí ilẹ̀ inú garawa bá gbẹ pátápátá lónìí, tí a sì wá da omi kún un bámúbámú lọ́la, èròjà kálísíọ́ọ̀mù kò ní tó dé ìsàlẹ̀ èso, ìdí ata náà yóò sì dúdú, yóò rì sínú, bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Oògùn kòkòrò kò ràn án. Garawa tó gba lítà 15 sí 20, tí ìdí rẹ̀ ní ihò, tí wọ́n da koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń bomi rin ní ìwọ̀nba lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ó ń mú un rọrùn.

Irúgbìn F1 wá ńkọ́? Àwọn òbí méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi bí i, kí ọmọ lè ní agbára àwọn méjèèjì: àwọn kan ń dènà àrùn kan pàtó, àwọn mìíràn ń so lọ́pọ̀, àwọn ata pupa àti yẹ́lò rògbòdò tí ẹ ń rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń jẹ́ F1 tí wọ́n gbìn sábẹ́ ilé ọ̀rá. Ìwé ara àpò máa ń sọ àrùn tó ń dènà; bí kò bá sọ nǹkan kan, owó gọbọi tí ẹ fẹ́ san kò ní ìdí. Ohun tí kò ṣeé yí padà nípa F1 ni pé ẹ kò lè fi irúgbìn inú èso rẹ̀ gbin ti ọdún tó ń bọ̀ kí ó rí bákan náà. Ọmọ rẹ̀ yóò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, àwọn kan á jọ baba, àwọn kan á jọ ìyá. Yolo Wonder, California Wonder àti Sweet Banana kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè yan èso tó pọ́n dáadáa lórí igi tó dára jù, kí ẹ sá irúgbìn rẹ̀ síbi òjìji, kí ẹ sì pa á mọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí pípa irúgbìn mọ́. Bí ṣọ̀ǹbọ̀ bá wà nítòsí, oyin lè gbé àtíkè òdòdó rẹ̀ dé orí ata tí kì í ta, irúgbìn tí ẹ pamọ́ yóò sì so ata tó ń ta ní ọdún kejì, nítorí títa ló máa ń borí. Ata tí ẹ ń ká lọ́dún yìí kò ní yí padà nítorí aládùúgbò rẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n ti sọ fún yín lọ́jà.

Ìmọ̀ràn mi kò le: ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ tó sì ń se ọbẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó fi tàtàṣé ṣe olórí, kí ó fi igi Yolo Wonder méjì tàbí mẹ́ta kún un, ẹni tó ní garawa nìkan kí ó ra Sweet Banana, ẹni tó ti ní ìbòjì àwọ̀n, omi tí kì í wọ́n, àti sùúrù, ni F1 tọ́ sí.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, déètì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lára àpò, torí irúgbìn ata tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù gbígbóná kì í hù dáadáa. Tuntun a máa hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bí ilẹ̀ bá móoru. NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́, tó ti wà ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, jẹ́ ibi tó dára láti béèrè ìmọ̀ràn kí ẹ tó náwó. Bí ó bá jẹ́ ata tó ti hù nínú ọ̀rá ni ẹ fẹ́ rà, ẹ yí ewé sókè wo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yan èyí tó kúrú, tí igi rẹ̀ sanra, tí ewé rẹ̀ kò ká. Èyí tó ti yọ òdòdó nínú ọ̀rá kékeré lè fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti há, yóò sì pẹ́ kí ó tó bọ́ sípò lórí ebè.

Fún àwọn ará wa ní London tàbí Manchester, ìṣòro náà yí padà pátápátá: òtútù ló ń lé yín, kì í ṣe ooru. Ẹ fi California Wonder àti Yolo Wonder sílẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ lè tán kí wọ́n tó pọ́n, kí ẹ sì wá irú èyí tó ń tètè so, bíi Gypsy F1, tó gba àmì ẹ̀yẹ All-America Selections ní ọdún 1981. Ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ sínú ilé, lẹ́bàá fèrèsé, ní ìparí oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ẹ má sì gbé e síta títí òtútù òru yóò fi lọ.