REU ti NSF fún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà: ẹ bi wọ́n pé ta ló máa jókòó tì yín

Ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, tó sì ní in lọ́kàn láti ṣe PhD, kò ní pẹ́ kó tó gbọ́ orúkọ REU (Research Experiences for Undergraduates), ètò ìwádìí fún ẹni tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́. NSF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987. Wọ́n á fún yunifásítì lówó, yunifásítì á kó akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá jọ nígbà ọlidé June sí August, wọ́n á pín wọn sábẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwádìí á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ń sanwó fún. Lójú tiwa, kò tíì sí ọ̀nà tó sàn jù ú lọ fún ọmọ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ láti fọwọ́ kan ìwádìí gidi. Àmọ́ kì í dọ́gba láti ibùdó kan (ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é) sí òmíràn, ohun tó sì ń fa ìyàtọ̀ náà kì í ṣe orúkọ yunifásítì tí òbí àtọmọ sábà máa ń wò.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pasipọ́ọ̀tù kúrò nílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fi àkókò ṣòfò. Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card ni owó NSF yìí wà fún. Ẹni tó wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kò sí níbẹ̀, ìbáà jẹ́ 4.0, máàkì tó ga jù, ni GPA rẹ̀. Àwọn ibùdó kan ní owó mìíràn tí wọ́n fi ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á sì kọ ọ́ sójú ìwé wọn gbangba. Bí ẹ ò bá rí i kà níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ kún fọ́ọ̀mù. Bákan náà, ẹni tó máa gboyè ní May kò lè ṣe ti June ọdún náà, torí ẹni tó ṣì ń kàwé lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní high school, tí yunifásítì ti gbà wọlé ṣùgbọ́n tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọ community college, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kódà irú wọn ni NSF ń rọ àwọn ibùdó pé kí wọ́n wá, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kì í sábà ní ibi tí èèyàn ti lè fi ìwádìí dánra wò.

Ní ti owó, $600 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ ibùdó ń san. Ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ sábà máa ń wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: ibùdó kan á fún yín ní yàrá, òmíràn á fún yín lówó pé kí ẹ lọ wá ilé fúnra yín, ní ìlú tí ilé ti wọ́n. Ẹni tí kò bá lè fi búrẹ́dì àti sandwich gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kó béèrè bóyá yàrá náà ní ilé ìdáná. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san owó náà, ti àkọ́kọ́ sì lè má dé títí di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, nítorí náà ẹ mú owó oúnjẹ dání lọ. Lọ́pọ̀ ibùdó, wọn kì í yọ owó orí lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù owó orí yín nígbà tó bá di ọdún kejì.

Fọ́ọ̀mù máa ń ṣí ní apá ìparí ọdún, ọ̀pọ̀ sì máa ń tì láàárín ìparí January sí March. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ti ń lo ETAP, ojú ìwé NSF tí èèyàn lè kó ìsọfúnni rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kó sì fi ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀. Wọ́n á béèrè transcript (ìwé máàkì yín), àlàyé ara ẹni, àti lẹ́tà ìjẹ́rìí kan tàbí méjì. Ẹ kọ̀wé sí ibùdó mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ̀wé sí méjì péré ń ta tẹ́tẹ́.

Àlàyé ara ẹni ló ń pa ọ̀pọ̀ lára. Gbogbo èèyàn ló máa ń kọ ọ́ pé láti kékeré lòun ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún kò ní rántí ẹyọ kan. Ohun tó máa rántí ni iṣẹ́ tó ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan kọ ètò tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ láìní àmì. Kó kọ gbólóhùn mélòó ló fi kọ́ ètò náà, mélòó ló yà sọ́tọ̀ láti fi dán an wò, ọ̀rọ̀ mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà, àti irú èyí tí kò gbà: bí àpẹẹrẹ, ó ń da ọkọ̀ tí à ń wọ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Gbólóhùn mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ju ojú ìwé méjì ìtàn ìgbà èwe lọ. Ẹni tí kò sì ní dátà lọ́wọ́ kó lọ wo MasakhaNER, àkójọ gbólóhùn tí wọ́n ti sàmì sí orúkọ èèyàn àti ibi inú wọn, tí ẹgbẹ́ Masakhane gbé jáde ní 2021 fún èdè Áfíríkà mẹ́wàá. Yorùbá wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni kó dárúkọ iṣẹ́ méjì lójú ìwé ibùdó náà tí ó fẹ́ ṣe, kó sì sọ ìdí.

Ní ti lẹ́tà, ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ sì fún olùkọ́ ní transcript yín, àlàyé tí ẹ kọ, àti ọjọ́ tí ibùdó kọ̀ọ̀kan máa tì. Olùkọ́ tí ẹ gba A lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn kò ní ohun tó máa kọ ju pé ẹ gba A. Èyí tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀, kódà kí ó fún yín ní B, ló lè sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ nígbà tí kóòdù kò bá ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá wá gbà yín, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló máa jókòó tì mí lójoojúmọ́? Lórí ìwé, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ní tòótọ́, akẹ́kọ̀ọ́ PhD kan ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD nínú kọ̀ǹpútà sì máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá nígbà ọlidé yìí gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ lè wà ní àpérò CVPR ní June, kó tún lọ sí àpérò ICML ní July. Bí méjèèjì kò bá sí nílé, Zoom ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lọ́sẹ̀ ló kù, ọmọ á sì lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ì bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún tú. Yunifásítì tí kò lórúkọ púpọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ PhD ti wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín láti àárọ̀, sàn ju ibi ńlá tí wọ́n pa yín tì sí.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá dátà ti wà nílẹ̀. Àìsí dátà lohun tó ń ba ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá jẹ́ jù. Bí iṣẹ́ náà bá kan fífọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò tàbí wíwo bí wọ́n ṣe ń lo áàpù, IRB, ìgbìmọ̀ yunifásítì tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ṣèwádìí, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ibùdó tó bá ní ìwé ìfọwọ́sí náà máa dé lọ́sẹ̀ kẹta ń sọ fún yín ní ọgbọ́n pé ó ṣeé ṣe kí ẹ kọ ìròyìn ìparí láìní èsì kankan.

Ìbéèrè kẹta: ṣé kóòdù tí iṣẹ́ náà dúró lé lórí ń ṣiṣẹ́? Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ tún iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ti ṣe ṣe, kí ẹ wò bóyá èsì kan náà ló máa jáde. Ìwé ìwádìí lè sọ pé 84 nínú ọgọ́rùn-ún ni ètò náà gbà, kí tiyín dúró sí 79. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí ètò náà padà. Ẹ kọ́kọ́ wo irú ẹ̀dà library (àkójọ kóòdù tí wọ́n yá lò) tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe fọ dátà, àti nọ́ńbà seed, èyí tí ètò fi ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ohun tó ń ṣà láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú seed mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ mọ bí èsì náà ṣe ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. Bó bá sì lọ sókè lójijì sí 97, ẹ má tíì yọ̀: ó ṣeé ṣe kí dátà ìdánwò ti yọ́ wọ inú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́.

GPU, ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń kọ́ ètò, náà ní tirẹ̀. Slurm, ètò tó ń to iṣẹ́ sórí ìlà, ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń pín in, ẹni tó bá sì béèrè wákàtí 48 máa pẹ́ lórí ìlà ju ẹni tó béèrè wákàtí 4. Ẹ gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fi checkpoint (ibi tí iṣẹ́ dé) pamọ́ lóòrèkóòrè. Nígbà tí ọjọ́ ìfìwéránṣẹ́ àpérò ńlá bá ń sún mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD ló máa gbà á tán.

Bí ibùdó kankan kò bá gbà yín, ọ̀nà kejì wà tí wọn kì í polongo: REU Supplement. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ní owó NSF lọ́wọ́ lè béèrè àfikún láti fi gba akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì. NSF ní ojú ìwé tí gbogbo ayé ti lè wá owó tí wọ́n fún ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ wá tàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì yín níbẹ̀, kí ẹ ka ìwé ìwádìí wọn kan, kí ẹ sì kọ ímeèlì ìlà mẹ́fà sí wọn. Ẹ kọ ọ́ kó tó di ìparí ọdún. Bó bá di May, wọ́n ti pín owó tán.

Ẹni tí kò ní green card kò gbọ́dọ̀ jókòó kawọ́ gbera. RISS, ètò ìwádìí nígbà ọlidé ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, fún ẹ̀rọ rọ́bọ́ọ̀tì, ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Fún ẹni tó wà nílé ní Nàìjíríà, VSRP, ètò ìwádìí ti yunifásítì KAUST ní Saudi Arabia, la máa kọ́kọ́ tọ́ka sí: oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, $1,000 lóṣù, pẹ̀lú ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Kàlẹ́ńdà yunifásítì wa kì í sábà bá June sí August mu, pàápàá bí ìyanṣẹ́lódì bá ti wọ̀ ọ́, KAUST kò sì fi dandan lé àsìkò kan.

Àbùkù REU tí kò sí nínú agbára akẹ́kọ̀ọ́ ni owó ìjọba. Ní 2025, àwọn ibùdó kan fagi lé ti ọdún náà torí pé owó NSF kò dájú. Ẹ má ṣe kọ iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ kí ìwé ìgbàwọlé tó dé lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ariwo pósítà tí ẹ máa fi ṣàlàyé iṣẹ́ yín máa ń jẹ́ kí ọmọ gbàgbé pé àkáǹtì yunifásítì náà máa tì. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí ẹ da kóòdù, èsì àti àwòrán yín kọ síbi tiyín ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì kọ README, ìwé àlàyé kóòdù, tí ẹlòmíràn lè fi ṣiṣẹ́ náà láìpè yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá iṣẹ́ náà lè lọ sí ìdíje ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ti ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ní ìpele tirẹ̀ níbẹ̀.