Ẹ ṣọ́ra fún pọ́ǹpù oníbátìrì "gbàǹjo" o, àlòkù ni wọ́n fi sítíkà tuntun bò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí oko yín ò ju éékà méjì mẹ́ta lọ bíi tèmi, tí ẹ sì ń wá pọ́ǹpù tí ẹ máa fi fín kẹ́míkà tí owó yín á ká, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó pọ́ǹpù oníbátìrì lítà 16 lórí Facebook àti WhatsApp, ó ní ọjà gbàǹjo ni, ó ní kọ̀ntánà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni, ₦38,000 ló ń pè é. Ẹ má san án o. Èmi ti san án, ohun tí ojú mi sì rí nìyí.

Ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn níbí ni oko mi wà, éékà mẹ́ta, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tí mo ti ń lò tipẹ́, èyí tí èèyàn máa ń fi ọwọ́ kan fà sókè fà sílẹ̀ tí yóò máa fi ọwọ́ kejì darí ọ̀pá, òun ló dákú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, apá sì ti ń ro mí lóru, mo wá ní lọ́tẹ̀ yìí màá ra oníbátìrì kí ara lè tù mí díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo bèèrè ní ìgboro ní ₦62,000, kò yẹ̀. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ò sì tó o mọ́, torí ajílẹ̀ ti mú tiẹ̀ níbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rí ìpolówó ọkùnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ẹ̀ dáadáa kí ẹ lè dá a mọ̀: pọ́ǹpù aláwọ̀ ewé kan ló gbé lé orí táìlì funfun, bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fídíò kan sì wà tí ẹnìkan tí a ò rí ojú ẹ̀ ń fi fín omi, omi ọ̀hún ń jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìrì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 2-in-1 ni, pé bí bátìrì bá kú ẹ lè máa fi ọwọ́ fà á lọ, gáráńtì oṣù mẹ́fà.

Mo pè é. Ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù. "Mọ́mì mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ni mo jẹ́, mi ò ní rẹ́ yín jẹ." Mo ní ṣé mo lè rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kó bá mi wò ó, ó ní ilé ìkẹ́rù ni àwọn ń lò, wọn kì í jẹ́ kí oníbàárà wọbẹ̀. Mo ní ṣé kí n san ìdajì ná, kí n san ìyókù tó bá dé páàkì, ó ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé mẹ́ta péré ló tiẹ̀ kù, ẹnìkan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fẹ́ san báyìí. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò gbé e sílẹ̀, mo fi ₦38,000 ránṣẹ́, mo fi ₦4,000 owó wébíìlì lé e.

Ọjà dé lóòótọ́ o, lọ́jọ́ kẹta, nínú páálí tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù tuntun lẹ̀ yíká. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ léwu ju ti àwọn tó kàn ń gbówó sá lọ gan-an nìyẹn, torí á fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ó kọ ọ́ sí i pé ẹ ti rí i gbà, kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn. Á wá ya fọ́tò ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn, á fi polówó fún ẹlòmíì. Tèmi wà níbẹ̀ títí di òní yìí, "ẹ ṣé gan-an ọmọ mi, mo ti gbà á", ó ń dùn mí tí mo bá rántí pé ẹnìkan lè rí i kó tìtorí ẹ̀ san owó.

Kòkòrò armyworm ti ń jẹ àgbàdo mi lásìkò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin àgbàdo mọ̀ ọ́n, láti 2016 tó ti wọ ilẹ̀ wa ni kò tíì jẹ́ ká sinmi, tó bá sì ti wọnú ọkàn ewé lọ tán kẹ́míkà kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a mọ́, torí náà mi ò ní ọjọ́ kankan tí mo lè fi ṣòfò. A ti ṣáàjì pọ́ǹpù yẹn mọ́jú. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló gbé e kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀ kùtù. Kò tíì dé ìdajì ilà tó fi pariwo, "Bíìgì Mọ́mì, ẹ̀yìn mi tutù o!" Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kẹ́míkà ń jò láti ìdí táńkì, ó ti rin ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gbindin títí dé ìbàdí ṣòkòtò. Mo ní kó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, a da kẹ́ẹ̀gì omi méjì lé e lórí pẹ̀lú ọṣẹ. Ara yún un di ìrọ̀lẹ́, a dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá jẹ́ paraquat tí wọ́n fi ń pa koríko ló wà níbẹ̀ ńkọ́? NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ní in nílé, oògùn tí kò sì ní ẹ̀rọ̀ ni tó bá wọ ara èèyàn. Ọmọ ọlọ́mọ ni o. Kí ni mi ò bá sọ fún ìyá ẹ̀?

Mo yọ wáṣà ara pọ́ǹpù mi àtijọ́, a fi dí ibi tó ń jò, ọmọ náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì míì, a parí táńkì àkọ́kọ́. Kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tó dé ìdajì ìró ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó dákẹ́. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká máa fọwọ́ fà á, ṣebí 2-in-1 ni. Irin ọwọ́ yẹn ń lọ sókè ó ń lọ sódò, kò mú nǹkan kan dání. Mo da ohun tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì, mo tan iná fóònù sínú táńkì, irin náà ò so mọ́ ohunkóhun, ibi tó yẹ kí pọ́ǹpù inú wà, rọ́bà ni wọ́n fi dí ihò ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni ọwọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀. Pọ́ǹpù àyálò ni mo fi fín ìyókù oko.

Èyí tó dùn mí jù wá jẹ́ lọ́jọ́ kẹfà. Ilà tí a fi táńkì àkọ́kọ́ fín, àgbàdo ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti inú ọkàn ewé bọ̀ wá síta, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó ti rọ. Ilà tí a fi táńkì kejì fín ò ṣe nǹkan kan. Ìgò kẹ́míkà kan náà ni, omi kan náà, àárọ̀ kan náà.

Mo gbé e tọ bàbá tó ń tún pọ́ǹpù ṣe lọ. Ó ṣí ìdérí, ó gbóòórùn ẹ̀, ó gbójú sókè wò mí. "Ìyá Ìbejì, ta ló sọ fún yín pé tuntun nìyí? Wọ́n ti fi èyí pa koríko." Ó yọ asẹ́ inú ẹ̀, nǹkan funfun kan ti gbẹ mọ́ ìdí ẹ̀. Ó fẹnu fẹ́ hóòsì, ohun tó jáde ńbẹ̀ dà bí ògì. Kẹ́míkà koríko tó ti gbẹ síbẹ̀ ni táńkì wa àkọ́kọ́ fọ̀ jáde sórí àgbàdo mi. Ó wá fi sukudiráfà tú ìsàlẹ̀. Sítíkà 12V 8Ah wà lára bátìrì, ó ń dán (Ah yẹn ló ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó). Ó fi èékánná ká a, òmíràn wà lábẹ́ ẹ̀, 12V 7Ah, ẹnìkan sì ti fi máákà dúdú kọ 2019 sí i gàdàgbà. Ó ní bátìrì inú UPS ni, èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, àwọn tó ń pààrọ̀ ẹ̀ ló máa ń kọ ọdún tí wọ́n fi í síbẹ̀ sí i lára, tó bá ti kú wọ́n á tà á fún àwọn oníbátìrì àlòkù. Mo ti ya gbogbo ẹ̀ ní fọ́tò.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí, ó ní àṣìṣe àwọn ọmọṣẹ́ ni, kí n fi ₦7,500 ránṣẹ́ kí òun fi bátìrì tuntun wá. Mo ní rárá, owó mi ni kó dá padà. Ó ní kí n fi pọ́ǹpù ránṣẹ́ sí Èkó, kí èmi san wébíìlì. Mo ní kó fún mi ní àdírẹ́sì àti orúkọ ẹni tó máa gbà á, ló bá búlọ́ọ̀kì mi. Lọ́jọ́ kejì mo fi láìnì ọmọ àbúrò mi pè é bí oníbàárà tuntun, ó gbé e: "Mọ́mì mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mẹ́ta péré ló kù." Báńkì ní mo pẹ́ kí n tó wá, owó ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ọjọ́ yẹn náà ni kó sáré sọ fún báńkì ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má ra oníbátìrì o, èyí tó bá dáa ń ranni lọ́wọ́ gan-an. Lítà omi 200 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún hẹ́kítà kan, ìyẹn bí éékà méjì àbọ̀, tó bá jẹ́ táńkì lítà 16, éékà kan ò ju bíi táńkì márùn-ún lọ, bátìrì 8Ah tó péye sì yẹ kó kọjá táńkì mẹ́wàá kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìyẹn díwọ̀n. Ẹni tí oko ẹ̀ ò ju éékà kan lọ, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó dúró dáadáa tó o, kó fi owó tó kù ra bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó da omi sí i, ẹ ki imú bọ inú táńkì, tuntun á máa rùn bíi rọ́bà, kì í rùn bíi kẹ́míkà. Ẹ rọ omi kún un, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń túlẹ̀, ẹ dìde, ẹ rìn káàkiri ọjà fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fọwọ́ pa ìdí ẹ̀ àti ibi tí hóòsì ti wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá jáwọ́ lára ibi tí ẹ ń tẹ̀, kò gbọdọ̀ máa kán tó tó mọ́. Tí wọ́n bá ní 2-in-1 ni, ẹ yọ wáyà bátìrì kí ẹ fọwọ́ fà á kí omi jáde lójú yín. Ẹ ní kí wọ́n tú ìsàlẹ̀, ẹ fi èékánná yẹ etí sítíkà bátìrì wò, ẹ wo ẹnu ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn bóyá ó ti ń yọ àwọ̀ ewé. Ẹ bèèrè bóyá wáṣà àti ẹnu ọ̀pá ẹ̀ wà fún títà, èyí tó ń fọ́n pẹrẹsẹ fún koríko, èyí tó ń yí roboto fún kòkòrò. Ẹni tó mọ ohun tó ń tà ò ní bínú sí gbogbo èyí.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni, páàkì ni kí ẹ ti ṣí páálí kí ẹ tó sanwó tán. Ẹ gba ríṣíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti àdírẹ́sì, torí tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ bá FCCPC tó ń jà fún oníbàárà, nọ́ńbà fóònù nìkan ò ní tó wọn í wá èèyàn kiri. Tuntun tàbí àlòkù, ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó lò ó, kí ẹ jẹ́ kí omi náà gba inú hóòsì àti ọ̀pá jáde síbi tí kò sí ohun ọ̀gbìn.

Ìpolówó ẹ̀ tún ti jáde láàárọ̀ àná, orúkọ ṣọ́ọ̀bù míì ni, ₦36,500 ló wá di báyìí, ṣùgbọ́n táìlì funfun yẹn náà ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa yẹn náà ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dáko nínú ẹbí yín lónìí, pàápàá àwọn àgbà tí wọn ò mọ̀wé tó jẹ́ pé ọmọ ló ń bá wọn sanwó lórí fóònù. Pọ́ǹpù náà ṣì wà nílé mi pẹ̀lú bátìrì 2019 yẹn, ẹni tó bá wà lágbègbè Ìsẹ́yìn tó fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, kó wá.