Ìlú Paris Lọ́wọ́ Charles Meryon: Àgbéyẹ̀wò Eaux-fortes sur Paris

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú Paris àtijọ́, kí Haussmann, aláṣẹ tó tún ìlú náà kọ́, tó wó ọ̀pọ̀ àdúgbò rẹ̀ lulẹ̀ lábẹ́ ọba Faransé Napoleon Kẹta, iṣẹ́ ayàwòrán Charles Meryon ni kó kọ́kọ́ wò, pàápàá ọ̀wọ́ àwòrán rẹ̀ tó ń jẹ́ Eaux-fortes sur Paris (àwòrán Paris tí a fi ásíìdì ya sórí bàbà). Ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ni Meryon tẹ́lẹ̀, ó sì ti bá ọkọ̀ ogun Rhin dé New Zealand. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í lè ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi pa ọ̀dà tì. Abẹ́rẹ́ ló mú. Yóò fi ohun tí ásíìdì kò lè jẹ kun bàbà pẹlẹbẹ, yóò fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán la ohun tó kùn ún kọjá, yóò sì jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ìlà wọ̀nyí nìkan, kí yíǹkì lè rí ibi wọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Láàárín ọdún 1850 sí 1854 ló ṣe ọ̀wọ́ yìí, La Morgue ti ọdún 1854 ni mo sì fi ṣe olórí wọn. Ilé tí wọ́n ń tẹ́ òkú tí a kò mọ ẹni tó ni ín sí, létí odò Seine, ló yà. Nísàlẹ̀, wọ́n gbé òkú tí wọ́n yọ nínú omi, obìnrin kan ń sunkún. Lókè, èrò fara ti ògiri etídò, wọ́n ń wòran. Síbẹ̀, Meryon ń to òkúta àti fèrèsé pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ìfarabalẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí.

Àwòrán Le Stryge, tó lókìkí jù, kò wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. (Ère oníwo orí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àtayébáyé o, àtúnṣe ọ̀rúndún 19 ló gbé e débẹ̀.)

Nígbà tó yá, Meryon padà sórí bàbà Le Pont-au-Change, àwòrán afárá kan ní Paris, ó pa bálúùnù ojú ọ̀run rẹ́, ó sì fi ọ̀wọ́ ẹyẹ ńláńlá rọ́pò rẹ̀. Akéwì Baudelaire yin iṣẹ́ rẹ̀, òǹkọ̀wé Victor Hugo náà yìn ín, síbẹ̀ ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Charenton ló kú sí lọ́dún 1868.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bèèrè ìgbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà náà, nítorí bàbà máa ń jẹ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, òkùnkùn abẹ́ afárá inú àwòrán a sì ṣá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a lè rí ẹ̀dà rẹ̀ ní British Museum ní London.