Àwo "ALL TIME BEST ALBUM" ti Eikichi Yazawa: ẹ ka síídì inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní sọ́ọ̀bù

Síídì mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú páálí yìí, àkójọ orin Yazawa, olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Japan. Mẹ́ta o. Mo ra àlòkù ẹ̀ ní sọ́ọ̀bù kan ní Tokyo níbí (n ò ní dárúkọ wọn), mo délé, mo ṣí i, méjì jẹ́ ti Yazawa, ìkẹta jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì! Mo ti bu ọtí sí kọ́ọ̀bù, mo ti tan ẹ̀rọ sókè dáadáa, ọkùnrin kan wá ń bi mí pé níbo ni ibùdókọ̀ rélùwéè wà.

Mo padà lọ. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà tẹríba títí ọrùn fi ń dun èmi tí mò ń wò ó. Ó gba rìsíìtì, ó kà á, ó yí i padà, ó tún ka ẹ̀yìn ẹ̀ tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Ó ní ẹ má bínú sà, ọjà àlòkù ni, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò ká tó gbé e síta. Ẹ̀yin yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló wá ń bi mí ní ibùdókọ̀? Ó tún tẹríba. Ó wọlé lọ, ó jáde, ó ní mánéjà ò sí, kí n kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, mo kọ ọ́, ó ní kí n tún un kọ ní katakana (lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àjèjì níbí), mo tún un kọ, àyè tó wà lórí fọ́ọ̀mù ò gba orúkọ mi (ẹ̀yin náà ẹ mọ orúkọ Yorùbá), ló bá tún tẹríba. Wọ́n lè fi ọ̀wọ̀ pa èèyàn níbí o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Mo ti fẹ́ máa fi èdè wa bú u nígbà tí bàbá kan tó ń to àwo lẹ́yìn yọjú, ó rí páálí lọ́wọ́ mi, ojú ẹ̀ bá là. "Ṣé Ei-chan lẹ̀ ń gbọ́?" Yazawa ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó lé ọmọ yẹn kúrò ní káńtà, ó gbé páálí míì jáde, ó ka síídì inú ẹ̀ lójú mi, ó ki ọ̀kan bọ ẹ̀rọ sọ́ọ̀bù pé ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá yí i sókè.

Jikan yo Tomare ló fi sí i, orin 1978 tí Shiseido, iléeṣẹ́ ìpara, fi polówó ọjà. Orin yẹn ò kánjú rárá. Ryuichi Sakamoto ló tẹ kíbọ́ọ̀dù, Yukihiro Takahashi ló lu ìlù, ọdún yẹn náà ni wọ́n wà lára àwọn tó dá báńdì Yellow Magic Orchestra sílẹ̀, Yazawa wá ń rọra fa ohùn lórí wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ẹní. Ìbínú mi dà? N ò rí i mọ́. Bàbá ní òun wà ní Hibiya, ní Tokyo níbí, lọ́dún 1975 nígbà tí Carol, báńdì Yazawa, túká, tí iná jó orí ìtàgé. Ó sọ fún mi pé ìyá àgbà ló tọ́ Yazawa dàgbà ní Hiroshima, pé wọ́n lù ú ní jìbìtì ní Ọsirélíà, owó tó lé ní bílíọ̀nù 3 yẹ́nì, ó sì san gbèsè ẹ̀ tán, pé lọ́dún 2019 tó kù díẹ̀ kó pé 70 ọdún, àwo ẹ̀ tún gba ipò kìíní.

Nígbà tó kan Tomaranai Ha~Ha, bàbá yọ tówẹ̀lì ọrùn ẹ̀, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jù ú sókè ní Budokan, gbọ̀ngàn ńlá ní Tokyo, ibi tí Yazawa ti ṣeré ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Mo jù ú, ó há sórí ṣẹ́ẹ̀fù enka (orin àwọn àgbà ilẹ̀ Japan). Ọmọ káńtà ló gun àkàbà lọ mú un, ó sì tẹríba fún tówẹ̀lì náà.

Àwo náà ní àbùkù sá. Orin ìfẹ́ jẹ́jẹ́ ti pọ̀ jù fún mi. Kanji, lẹ́tà Ṣáínà tí wọ́n ń lò níbí, ló kún inú ìwé ọ̀rọ̀ orin bámúbámú. Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kì sínú ègbè ńkọ́, ọkùnrin yìí lọ sí Amẹ́ríkà, John McFee ti báńdì Doobie Brothers bá a ṣiṣẹ́ lórí àwo 1981, síbẹ̀ ó yẹ kó yá síídì tí mo kọ́kọ́ bá nínú páálí yẹn. Ṣùgbọ́n YES MY LOVE! Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìyẹn nínú rélùwéè alẹ́, ẹ máa kọjá ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ̀. Ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Máàkì: 2 nínú 5. Wọn ò san owó ọkọ̀ tí mo fi padà lọ fún mi.