Ẹ wo Coronation Street àtijọ́, pàápàá nítorí Hilda

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ráyè wò nínú àwọn eré Gẹ̀ẹ́sì tí kì í tán wọ̀nyí, ẹ fi ti ìsinsìnyí sílẹ̀, kí ẹ lọ wá Coronation Street àtijọ́. Lọ́dún 2017 ni ITV3, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tún un gbé jáde, láti orí àwọn ti ọdún 1986. Ọ̀sán ni wọ́n ń gbé e sí, lásìkò tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe iṣẹ́ kíà máa ń wà nílé àwọn àgbà. Bí mo ṣe bá a pàdé nìyẹn, ní Salford, lẹ́bàá Manchester. Màmá tí mò ń tọ́jú ò gbà kí n yí i sí nǹkan mìíràn. Nígbà tó yá, èmi gan-an ló ń rán màmá létí pé àkókò ti tó.

Salford yìí náà leré ọ̀hún ti ṣẹ̀. Tony Warren, ọmọ agbègbè náà, kò ju ọmọ ọdún 24 lọ nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Granada gbé apá àkọ́kọ́ eré tó dá sílẹ̀ yìí jáde ní December 9, 1960. Weatherfield ni wọ́n pe ìlú inú eré, ṣùgbọ́n Archie Street ní Salford ni wọ́n wò ya àdúgbò yẹn: àwọn ilé kótópó tó fara ti ara wọn, ṣọ́ọ̀bù ní igun kan, ilé ọtí Rovers Return ní igun kejì.

Hilda Ogden ni tèmi. Jean Alexander ló ṣe é láti 1964 títí di 1987. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbá ilé ọtí, kó sì nù ún. Rólà kì í kúrò lórí rẹ̀, épírọ́ọ̀nù kì í kúrò lára rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá sì ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbì kan, ibẹ̀ gan-an ni Hilda á ti rí ìdọ̀tí tó fẹ́ gbá. Stan ọkọ rẹ̀ ń nu fèrèsé fún àwọn èèyàn, lọ́jọ́ tí ọ̀lẹ bá gbà fún un. Nínú pálọ̀ wọn, Hilda lẹ àwòrán òkè ńláńlá bo ògiri, ó wá fi ère pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta kọ́ sórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń fò lọ. Ọ̀kan nínú wọn kì í dúró gún, ó máa ń dorí kodò ni. Òtòṣì ni wọ́n, àmọ́ ẹ ò lè sọ fún Hilda pé pálọ̀ rẹ̀ ò rẹwà.

Stan kú lọ́dún 1984. Bernard Youens tó ń ṣe é ti kú lóòótọ́ lóṣù mélòó kan ṣáájú. Apá yìí ò sí nínú ti ITV3, orí DVD àlòkù ni mo ti wò ó. Hilda ti ti ibi ìsìnkú dé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń tú ẹrù Stan tó ti ilé ìwòsàn wá. Aṣọ ìsùn ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló kan àpò awò ojú. Ó yọ awò náà, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n pátá. Kò sí ẹni tó ń kọrin lẹ́yìn, kò sí ẹni tó wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ lọ wá eléré tó máa fi awò ojú nìkan ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Nígbà tó ń fi àdúgbò sílẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì 1987, àwọn tó wò ó ju mílíọ̀nù 26 lọ.

DVD yẹn náà ló fi Ena Sharples hàn mí, nínú àwòrán dúdú àti funfun. Violet Carson, nẹ́ẹ̀tì lórí, ojú kíkan. Òun ló ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìjọ Glad Tidings, àmọ́ yàrá kékeré inú Rovers ni ìjókòó rẹ̀, níbi tí òun, Minnie Caldwell àti Martha Longhurst ti ń mu ọtí dúdú, tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́ gbogbo àdúgbò. Orí tábìlì yẹn ni Martha kú sí lọ́dún 1964. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ kú láì rí ìjà Ena àti Elsie Tanner, aládùúgbò rẹ̀.

Vera Duckworth pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó fi òkúta àtọwọ́dá bo iwájú ilé wọn lódindi, ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ṣì wà ní bíríkì, ó wá sọ ilé náà ní The Old Rectory (Ilé Àlùfáà Àtijọ́). (Gbogbo wa la ní Vera kan nínú ẹbí.) Jack ọkọ rẹ̀, tó fi pílásítà lẹ awò ojú, ẹyẹlé ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀. Bet Lynch tó ń ta ọtí ní Rovers àti aṣọ àmọ̀tẹ́kùn rẹ̀ dára, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló pọ̀ jù fún mi.

Ti Ken Barlow ni mi ò lè gbà. William Roache ti wà níbẹ̀ láti apá àkọ́kọ́, mo kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n Ken á wàásù títí oorun á fi gbé èèyàn. Síbẹ̀, lọ́dún 1983 tí Deirdre ìyàwó rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé Mike Baldwin, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìránṣọ, lọ, tó wá padà sọ́dọ̀ ọkọ, pátákó Old Trafford ló kéde rẹ̀ fáwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹ ó wò ó pẹ́ kí ẹ tó rí aláwọ̀ dúdú. Shirley Armitage wà níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ Mike Baldwin, àmọ́ ta ló ń kọ ìtàn fún un? Lẹ́bàá Manchester tí dúdú kún inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́! Ìyẹn ni mo fi yọ máàkì kan. Mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán níbẹ̀rẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì wọn yára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí iná jó Rovers lọ́dún 1986, ẹ wò ó lọ títí Hilda á fi lọ. Bí ẹ bá dé orí Rita àti Alan Bradley, tí tíráàmù (ọkọ̀ ojú irin ìgboro) pa Alan ní Blackpool lọ́dún 1989, ẹ má wò ó lálẹ́ tí ẹ bá máa jí lọ síbi iṣẹ́.