Ọdún 42 Lẹ́nu Iṣẹ́ Aṣojú: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ tí Harriet Harman Ṣe fún Àwọn Ará Peckham

A máa ń sọ bí oúnjẹ búkà ṣe rí, a máa ń sọ bí télọ̀ ṣe rán aṣọ wa, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a jókòó yẹ iṣẹ́ aṣòfin tó ń ṣojú wa wò bí ẹni ń yẹ ọjà tó fowó rà wò, bẹ́ẹ̀ owó orí wa kúkú ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn. Ọdún 11 ni mo fi gbé Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí iṣu, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ kì í ti í wọ́n ní Rye Lane, tí àwọn kan sì torí bẹ́ẹ̀ ń pe àdúgbò náà ní Èkó Kékeré. Aṣòfin kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, òun náà ni mo sì fi síbẹ̀ nígbà tí mo kó lọ. Harriet Harman ni, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1982 ni ó wọlé, nínú ìdìbò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú aṣòfin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Agbẹjọ́rò ni, ẹni ọdún 32, ó sì ti lóyún nígbà náà. Nínú ọgọ́rùn-ún aṣòfin, àwọn obìnrin kò ju bíi mẹ́ta lọ. Nígbà tó dìde bi Margaret Thatcher, olórí ìjọba nígbà náà, ní ìbéèrè nípa ìtọ́jú ọmọ àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ni àwọn ọkùnrin ilé aṣòfin fi dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ tún sọ bí wọ́n ṣe fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́yìn tó bímọ, pé ó gbé ọmọ sábẹ́ ẹ̀wù wọ ibi tí àwọn aṣòfin ti ń dìbò, nígbà tó jẹ́ pé ara ìbímọ tí kò tíì fà ni wọ́n rí. Ìtàn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ náà ni mo ti mọ ohun tó gbé e dé ilé náà.

Tí a bá ń wo ohun tí oníbàárà rí gbà, Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ni èyí tó hàn jù. Òun ló darí rẹ̀ títí ó fi di òfin ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Òfin yìí kó àwọn òfin tó fọ́n káàkiri jọ sí ojú kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ojú ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, àìlera tàbí jíjẹ́ obìnrin gba ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ lé lórí nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní 2017 pé kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa kéde bí owó tí obìnrin ń gbà ṣe kéré sí ti ọkùnrin tó. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí tó ń gbá ilé iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè máà mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lábẹ́ ibòji òfin náà lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ jù ni ìjókòó tí aṣòfin fi máa ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní surgery. Mo ti tẹ̀lé ìyá ìjọ wa kan lọ sí irú rẹ̀ rí ní ẹkùn ìdìbò mìíràn. Àpò ọ̀rá ni ìyá kó lẹ́tà Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, sí, wọ́n sì fi rọ́bà dè é ní ọdọọdún. Òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ kò wo òkè àpò náà. Nọ́ńbà ìwé ẹjọ́ nìkan ló béèrè. Aṣòfin kò lè fún ènìyàn ní ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá ti ọ́fíìsì rẹ̀ jáde kì í pẹ́ nílẹ̀ bíi ti àwa mẹ̀kúnnù. Ní Peckham, níbi tí irú àpò ọ̀rá bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí ewé, iṣẹ́ kékeré kọ́ ni láti máa gbọ́ ọ fún ọdún 42. Ní 2010, Harman sọ ní gbangba pé akọni ni àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti àdúgbò rẹ̀. Inú bí àwọn kan ní Ìlú Ọba, orí tiwa sì wú.

Èyí kò ní kí n má sọ àléébù. Ní 1997, nígbà tó di mínísítà tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ ìjọba, òun ló gbèjà dídín owó àwọn òbí tó ń dá tọ́mọ kù, títí aṣòfin Labour 47 fi dìbò tako ìjọba tiwọn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n yọ ọ́ nípò. Ó tún rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé tó ń ṣa ọmọ gbà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹnu àtẹ́ lu irú rẹ̀. Ní 2008, ó wọ ẹ̀wù tí ọ̀bẹ kì í ràn rìn ní Peckham pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, ó dùn wá, nítorí ojú pópó kan náà ni àwa ń fi súẹ́tà lásán rìn. Èyí tó tilẹ̀ jù ni pé kò sí alátakò gidi: láti 1982, ẹgbẹ́ mìíràn kò gba ìjókòó náà lọ́wọ́ Labour rí, ṣọ́ọ̀bù tí kò bá sì ní orogún kì í kánjú gbálẹ̀.

Láti 2017 títí di 2024 ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ilé Ìgbìmọ̀, oyè obìnrin tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ jù lọ láìdáwọ́ dúró. Ìyálé ni Yorùbá ìbá pè é, nítorí ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́ orí. Òun ló sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ Boris Johnson, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀, ní 2023, tí wọ́n sì sọ pé ó ṣi ilé lọ́nà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ̀wù ọ̀bẹ àti owó àwọn òbí tó ń dá tọ́mọ ló gba ẹyọ kan. Ó ti fi ìjókòó náà sílẹ̀ ní 2024, ó sì ti wà ní Ilé Àwọn Olóyè (House of Lords) báyìí. Miatta Fahnbulleh ni wọ́n dìbò yàn ní Peckham lọ́dún náà; ẹni tó bá ní lẹ́tà Home Office lọ́wọ́ ní àdúgbò yẹn, kó kọ nọ́ńbà ìwé ẹjọ́ rẹ̀ sára ìwé kan kó tó kúrò nílé.